Bí Wọ́n Ṣe Pín Inú Kọ̀ǹpútà Gbádégẹṣin Ní Ìdí-Igi

Gbádégẹṣin lá àlá kan lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì jẹ́ kí n rọ́ ọ fún yín, nítorí tí ẹ bá lọ gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, kò ní í parí rẹ̀ kí ẹkún tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé àlá ọ̀sán kì í ṣẹ. Ta ló ní kó ṣẹ? Ẹni tó jẹ ẹ̀wà, tó fi gàrí lé e, tó wá gbé àgbọ̀n lé tábìlì níwájú kọ̀ǹpútà, kí ló fẹ́ lá bí kò ṣe ìranù?

Olùkọ́ ni Gbádégẹṣin ní Ìkìrun. Òun sì ni onífíìmù ẹbí wọn. Kì í ṣe pé ó kọ́ iṣẹ́ náà níbì kankan o. Òun ló ra kọ̀ǹpútà ni. Ní ilé tiwa níbí, ẹni tó bá ra mọ́tò ti di dẹ́rẹ́bà gbogbo ẹbí, ẹni tó bá sì ra kọ̀ǹpútà ti di onífíìmù nìyẹn, kò sí ìpàdé kankan tí wọ́n ti bi í léèrè.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Àdìgún, tí wọ́n jọ ń gbé, fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ ní àwọn á kóra jọ sílé ní Sátidé láti dúpẹ́. Mojírólá, ẹ̀gbọ́n Gbádégẹṣin tó ń gbé ní Ìbàdàn, ló pàṣẹ lórí fóònù: “Gbádé, kó gbogbo fídíò ilé jọ, kí o fi ṣe fíìmù kékeré kan fún wa. Àmọ́ ohùn Bàbá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o! Bí ohùn Bàbá ò bá sí níbẹ̀, má wulẹ̀ ṣe é.” Àṣẹ rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ ohùn Bàbá yìí ni gbogbo wàhálà. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ń ki ọmọ lówùúrọ̀, ará ilé kejì á gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ dé, ó gba ahọ́n rẹ̀, ó sì gba ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ọn. Kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin tó tún mọ oríkì ilé náà dáadáa ti lọ síbi àgbà ń rè. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa kùn nínú imú, bí ẹni tí kò mọ orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Fídíò kékeré kan ṣoṣo ló gbé ohùn Bàbá kó tó ṣàìsàn. Àárọ̀ ọjọ́ tí Gbádégẹṣin ń dán fóònù tuntun wò ló ká a, níbi tí Bàbá ti ń fi oríkì jí Ìbídùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó dìde lọ sílé ìwé. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, tí Gbádégẹṣin bá ṣí fídíò náà, kó ṣáà ti gbọ́ “Àwẹ̀ró”, oríkì Ìbídùn, báyìí, omi á ti dé ojú, á sì tètè pa á dé. Kò gbọ́ ọ dópin rí. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ló wá ní òun ò ṣe mọ́. Gbogbo ìgbà tí Gbádégẹṣin bá ní kó so fíìmù náà pọ̀ di odidi, á dáhùn pé ààyè ti tán nínú díìsìkì, ibi tó ń kó ẹrù sí, àfi kí ó yọ nǹkan kúrò. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ Yorùbá fi ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ fídíò tó ń bẹ níbẹ̀ ló fi orúkọ àwọn ẹbí sọ. “Mọ́mì Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun” nìyí, “Bọ̀dá Láyíwọlá” nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á wá bi í pé ṣé kí òun mú Mọ́mì Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kúrò títí láé? Ta ló máa fi ìka ara rẹ̀ tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí irú ìbéèrè yẹn, tí obìnrin náà ṣì ń bẹ láyé tó ń fi gàrí ránṣẹ́? Gbádégẹṣin á ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”, á fi ọwọ́ yí orí po, á sì tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó ṣe ń dá ẹ̀mí gbogbo wọn sí nìyẹn, títí ilé fi kún.

Orí ìbéèrè yẹn ló sùn sí.

Kò tíì sùn tán tí kọ̀ǹpútà fi wúkọ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti há, “ẹ jọ̀wọ́ ẹ wọlé, kí ẹ wá fi ojú yín rí ohun tí ẹ fi mí ṣe.”

Kò ya Gbádégẹṣin lẹ́nu. Ó bọ́ sálúbàtà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wáyà iná ń gbà wọlé, ó ní “Ẹ kú ilé o,” ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọlé. Agbo ilé ńlá ló bá níbẹ̀, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn láti ìhín dé ọ̀hún, tí àwọn fídíò sì tẹ́ ẹní sílẹ̀ bẹẹrẹ. Àwọn kan ń dáná lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan sùn sórí àpótí ara wọn. Bọ̀dá Láyíwọlá dúró gbọn-in lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì la ẹnu, nítorí ibi tí ó ti ń jó ni Gbádégẹṣin ti dá fídíò rẹ̀ dúró lọ́dún tó kọjá.

“Bọ̀dá, ẹ kú ìdúró.”

“A dúpẹ́, Gbádé. Ẹsẹ̀ yìí ló kàn ń ro mí díẹ̀. Má dà mí láàmú, bá tìẹ lọ.”

Ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Níwájú, àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan ń fa ara wọn láṣọ ya. Ojú kan náà ni wọ́n ní, agbádá kan náà ni wọ́n wọ̀, àpá kan náà ló wà lágbárí wọn. Gbádégẹṣin mọ̀ wọ́n. Fíìmù ọjọ́ ìbí Bàbá ni gbogbo wọn, èyí tó ti ń tò láti oṣù tó kọjá, tí kì í pa èyí tó ti kọ́kọ́ tò rẹ́ kó tó tún òmíràn tò. Èkíní ń jẹ́ Àṣekágbá. Èkejì ń jẹ́ Àṣekágbá Gidi. Ẹ̀kẹta ń jẹ́ Àṣekágbá Tó Dájú. Ẹ̀kẹrin ń jẹ́ Àṣekágbá Èyí-Là-Ń-Lò, òun sì ni ẹnu rẹ̀ le jù.

“Èmi ni mo kọ́kọ́ dé!” Àṣekágbá ń pariwo. “Èmi ni ẹ̀gbọ́n yín pátá!”

“Ìwọ wo?” Èyí-Là-Ń-Lò ní. “Ṣé o ò mọ Kẹ́hìndé ni? Ta ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò? Èmi ni mo rán ìwọ. Èmi ni mo rán àwọn méjèèjì tó kù. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi, kí n tó bínú!”

Gbádégẹṣin rò ó, ó rí i pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn mẹ́ta dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ibi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí sì tún gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ó wá ń fi ẹ̀yìn wọn ṣe afárá kọjá, ó ń ní “Ẹ má bínú o, ẹ má bínú.”

Ìyáàfin kan tó sanra ló bá ní yàrá tó tẹ̀lé e. Yàrá kan ò gbà á. Orí rẹ̀ wà nínú yàrá yìí, ikùn rẹ̀ wà nínú èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gba atẹ́gùn lẹ́yìnkùlé. Aṣọ dúdú ló wọ̀ láti òkè délẹ̀.

“Ẹ ǹlẹ́ mà. Ta ni yín?”

“O ò mọ̀ mí? Èmi Inú Àpò! Ọjọ́ tí o gbàgbé fóònù sínú àpò ṣòkòtò, tí o rò pé o ti pa kámẹ́rà, tó sì ń ká láti ilé títí dé ibi ìgbéyàwó Délé àbúrò rẹ, tó tún ń ká nígbà tí wọ́n ń jẹun. Èmi nìyẹn.”

“Áà, mo rántí. Kí ló wà nínú yín, mà?”

“Òkùnkùn,” Inú Àpò dáhùn, ó sì tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Àti ìró kọ́kọ́rọ́. Ìgbà kan wà tí o wúkọ́.”

“Ẹ ò ṣe lọ, mà? Ẹ dákun.”

“Kí n lọ kẹ̀? Ọmọ bíbí inú rẹ ni mí! Èmi ni mo tóbi jù nínú ilé yìí. Lọ bá àwọn kéékèèké yẹn sọ̀rọ̀.” Ó sì fi ìka ńlá kan tọ́ka sí igun yàrá.

Ní igun náà, fídíò Bàbá jókòó sórí ìtì igi kan. Kò tóbi ju àpò ìwé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Ó fi aṣọ òkè àtijọ́ bora, ó ń wo ilẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe Gbádégẹṣin. Ó fẹ́ lọ bá a, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Inú Àpò dí ọ̀nà, kọ̀ǹpútà sì tún wúkọ́ lókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ rí Àjọ Ààyè o. Wọ́n ti ń kó àwọn tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ jáde láti àárọ̀.”

Gbádégẹṣin wòkè, ó rí ọ́fíìsì kan tó ń fò kiri lókè agbo ilé. Wọ́n fi okùn aṣọ sísá so ó mọ́ igi ọsàn kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Òṣogbo. Ó gun okùn náà. Ní ìdajì ọ̀nà, okùn di àtẹ̀gùn ilé ìwé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kí i “Ẹ káàsán sà.” Ó dá wọn lóhùn, ó ní kí wọ́n fi aṣọ wọn sínú, ó wọ ọ́fíìsì.

Ọ̀gá kan jókòó sí ìdí tábìlì, ó tóbi, ó wọ agbádá aláràbarà, fìlà rẹ̀ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ káàsán, sà. Ọ̀gá àgbà ni mo wá rí.”

“Ọ̀gá ò sí.”

“Ẹ̀yin kọ́ ni, sà?”

“Èmi ni,” ọ̀gá dáhùn. “Mi ò sí.”

Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kí ni èèyàn fẹ́ fi ẹnu ṣe sí i? Gbádégẹṣin jókòó, ó dúró de ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ títí tó fi dé. Nígbà tí ọ̀gá wá gbà pé òun ti dé, ó ní àwọn kì í lé ẹnikẹ́ni láìnídìí, pé àwọn kọ́kọ́ máa ń fún èèyàn pọ̀ ná. Ó ní kí wọ́n gbé àpẹẹrẹ wá. Wọ́n gbé fídíò ìyàwó Délé wọlé, obìnrin gíga, tó rẹwà, tó ń jó. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì dìde, wọ́n dì í lórí àti lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fún un bí ẹni ń fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìyàwó kò ju ẹ̀pà kan lọ lórí tábìlì. Ó ṣì ń jó o! Àmọ́ ojú rẹ̀ ti di igun mẹ́rin mẹ́rin, orin rẹ̀ sì ń dún bí ẹ̀fọn.

“Ẹ rí i?” ọ̀gá ní, inú rẹ̀ dùn. “Kò dín ní nǹkan kan.”

“Ó dáa, sà. Ṣùgbọ́n Bàbá mi ló kàn. Ohùn wọn ńkọ́, tí ẹ bá fún wọn?”

“Ohùn? Ohùn ni a kọ́kọ́ ń fún jáde. Kí lẹ fẹ́ fi ohùn ṣe? Ṣebí ẹ óò máa wo ẹnu wọn tó ń mì.”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ ba Gbádégẹṣin. Ó ní rárá, pé ohùn náà gan-an ni òun ń wá, pé ẹnu tó ń mì láìsí ohùn ń bẹ nínú yàrá kan nílé òun, òun ń fún un ní ẹ̀kọ mu láràárọ̀. Ọ̀gá ò gbọ́. Ó ti ń jẹ etí ìwé kan lórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni fìlà rẹ̀ ń gbéra sókè, àṣé ìwo ló ń hù lábẹ́ rẹ̀. Irùngbọ̀n yọ. Agbádá di irun. Ó ní “Ẹ padà wá lọ́laaa,” ọ̀rọ̀ náà sì fà á lọ di igbe òbúkọ. Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì náà ti di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ kọ́tìnnì.

“Ẹ ṣeun, sà,” Gbádégẹṣin ní, ó dọ̀bálẹ̀ fún òbúkọ náà, nítorí òbúkọ tó wà nípò, ọ̀gá ni. Nígbà tó fi máa dìde, tábìlì ti lọ, agbo ilé ló tún ti wà, wọ́n sì ti lu agogo ìpàdé ẹbí.

Gbogbo fídíò ti pé. Ẹni tó jókòó sí àga olórí ẹbí ni Garawa Ìdọ̀tí, èyí tí kọ̀ǹpútà ń da ohun tí a bá yọ kúrò sí. Bàbá arúgbó ni, ikùn rẹ̀ tóbi, ó sì ń rùn díẹ̀.

“Ẹ máa wò mí,” Garawa ní. “Èmi ni Mọ́gàjí. Ṣé ọ̀dọ̀ mi kọ́ ni gbogbo yín ń bọ̀?”

Ó la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, Gbádégẹṣin sì rí àwọn èèyàn nínú ikùn rẹ̀ tí wọ́n ń juwọ́. Àwọn fídíò tó ti fi ìgbóyà yọ kúrò lọ́jọ́sí ni: ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àjà ilé, ìka ara rẹ̀. Kò sí ìkankan tó lọ. Wọ́n ti ká ẹsẹ̀ kò níbẹ̀, wọ́n ń ta ayò. Gbádégẹṣin, ẹni tó rò pé òun ti tún ilé ṣe, ẹrù ló kàn gbé láti yàrá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ààyè ò tó,” Mọ́gàjí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “A ní láti pín in. Orí-ò-jorí ni, àbí ìdí-igi?”

“Orí-ò-jorí!” àwọn Àṣekágbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kígbe, nítorí orí mẹ́rin ni wọ́n.

“Ìdí-igi!” Inú Àpò bú, ilé mì. “Ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀! Bí wọ́n ṣe ń pín ogún láyé bàbá wa nìyẹn!”

Wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú pé ìdí-igi ni. Ìdí Ìgbéyàwó bọ́ sí apá kan, ó gba ìpín tirẹ̀. Ìdí Ìsọmọlórúkọ náà gba tirẹ̀. Ìdí Àṣìṣe ló wá pọ̀ jù, Inú Àpò ló sì ṣíwájú wọn, gbogbo fídíò tó ká ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ tábìlì ló tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn ewúrẹ́ láti Àjọ Ààyè ń wọn ilẹ̀ fún wọn, wọ́n ń fi ẹnu wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí wọ́n pín in tán, ó ku fídíò Bàbá nìkan, lórí ìtì igi rẹ̀.

“Èyí ńkọ́?” Garawa béèrè. “Ìdí wo ló ti wá?”

Kì í ṣe ti ìgbéyàwó. Kì í ṣe ti ìsọmọlórúkọ. Inú Àpò ní òun ò bí i, pé ó tinrín jù.

“Tèmi ni!” Gbádégẹṣin ké. “Bàbá mi ni!”

“Ẹnu dùn-ún ròfọ́,” ni Mọ́gàjí wí. “Ọmọ ilé ni, tàbí ayálégbé? Bó bá jẹ́ ọmọ ilé, kì í. Ki oríkì ilé rẹ̀ dópin, ká gbọ́, a ó sì fún un ní yàrá.”

Ṣé nǹkan ìtìjú lẹ fẹ́ rí? Gbádégẹṣin gbá àyà. Ó tún agbádá ṣe, agbádá tí kò wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ gbangba: “Ọmọ a-kọ́lé-má-tilẹ̀kùn! Ọmọ a-fàlejò-ṣonílé! Ọmọ...”

Ó tún gbé etí agbádá lé èjìká.

“Ọmọ kí ni?” Garawa ní.

“Ọmọ...”

“Ìyẹn nìkan? Ayálégbé mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó wo fídíò Bàbá, fídíò Bàbá wò ó padà. Ó ní: “Ẹ dákun, Mọ́gàjí. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i kí n gbọ́, n ó kì í fún yín látòkè délẹ̀.”

“Ṣí i sí ibo?” Garawa fi ọwọ́ na ọ̀dẹ̀dẹ̀ káàkiri. “Fídíò gbọ́dọ̀ rí ààyè tẹ́ ara rẹ̀ sí kó tó lè sọ̀rọ̀. Ààyè dà? Ìwọ náà lo kó wa jọ. O kó wa jọ, o tì wá mọ́lé, o ò sì wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ta ló ń pe ta ní ayálégbé?”

Ó di ẹkún. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, olùkọ́ àwọn ọmọ èèyàn, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ewúrẹ́, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Òbúkọ ọ̀gá wá wọ́ bọ̀, ó fi eyín mú etí aṣọ òkè tí Bàbá fi bora, ó ń fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà. Gbádégẹṣin di etí kejì mú. Òbúkọ ń fà, òun náà ń fà. “Bàbá, ẹ sọ ọ́ fún mi,” ló ń wí, “ẹ kàn sọ èyí tó kù fún mi, n ò ní í gbàgbé!” Aṣọ náà ya fàà.

Ó jí.

Tábìlì ni ó gbá mú. Itọ́ ti rin bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè yẹn ṣì wà lójú rẹ̀, pé ṣé kí òun mú Mọ́mì Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kúrò. Gbádégẹṣin ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fídíò Inú Àpò kàn, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni fún Àṣekágbá mẹ́ta, ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó wá ṣí garawa ìdọ̀tí, ó sì dà á nù pátápátá, èyí tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti ra kọ̀ǹpútà. Ilé fẹ̀ gbàgede. Fíìmù ì bá ti parí níbẹ̀, kí n sì máa lọ sílé mi. Ṣùgbọ́n ó ṣí fídíò Bàbá, ó sì di ọwọ́ ara rẹ̀ mú kó má baà pa á dé.

Ohùn Bàbá jáde, ó le, ó sì já gaara: “Àwẹ̀ró! Ọmọ a-kọ́lé-má-tilẹ̀kùn! Ọmọ a-fàlejò-ṣonílé! Ọmọ...” Ohùn Gbádégẹṣin fúnra rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀: “Bàbá, ẹ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá ó ń ká a.”

Ó parí síbẹ̀.

Ó tún un ṣí. Ó tún parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ohun tó ń dáàbò bò, tó ń bá gbogbo ayé jà lé lórí, ìyẹn náà ni: ìlà tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti ẹnu ara rẹ̀ tó já a. Ó jókòó, kò sunkún. Ojú ló ń tì í.

“Bàbá Ìbídùn!” ìyàwó rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìnkùlé. “Bàbá ti jí o. Ẹ lọ bá wọn gbé ara wọn sókè.”

Ó wọ yàrá Bàbá. Bàbá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ là. Gbádégẹṣin fẹ́ jókòó tì í, kò ríbi jókòó. Aṣọ tí wọ́n fọ̀ láti ìjẹta, tí ẹnikẹ́ni ò ká, ti kún orí bẹ́ẹ̀dì láti ẹsẹ̀ Bàbá dé èjìká rẹ̀. Àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, báàgì ìwé Ìbídùn àti fáànù tó ti bàjẹ́ ló jókòó sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń fún Bàbá ní ẹ̀kọ, ìdúró ló fi ń fún un. Ó wò ó. Ó fi apá méjèèjì kó gbogbo aṣọ náà, ó dà á sílẹ̀, ó sì jókòó.

“Bàbá,” ló wí. “Ọmọ a-kọ́lé-má-tilẹ̀kùn. Ọmọ a-fàlejò-ṣonílé. Ọmọ kí ni, Bàbá?”

Ojú Bàbá yí sí i. Ẹnu rẹ̀ mì, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

“Ọmọ a-rógun-má-sá?”

Bàbá pòṣé. Òṣé gidi ni, ó gùn, ó sì kún fún ẹ̀gàn, òṣé ẹni tó mọ àwọn tó sá.

“Ó dáa. Ọmọ a-rẹ́ran-má-jẹ?”

Bàbá tún pòṣé, èyí tún gùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Ó wá gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀, ó nà án sí òkè.

“Òkè? Ọmọ olókè?” Òṣé. “Páànù? Bàbá, kò sí páànù láyé ìgbà yẹn.” Bàbá di ojú bí ẹni tí ọmọ ti sú. Ó là á padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi àwọn ìka rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, léraléra.

“Òjò,” Gbádégẹṣin ní. “Bàbá, òjò ni? Ọmọ òjò?”

Ọwọ́ òsì náà bọ́ lu bẹ́ẹ̀dì gbàgà. Ó tún lù ú. Omi ti dúró sí ojú Bàbá, ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tó kàn.

“Ọmọ òjò kí ni?” Gbádégẹṣin sún mọ́ ọn sí i. “Òjò ṣe kí ni, Bàbá? Ẹ má kánjú. Mo ti ní ààyè.”